Wọ́n Ní Mo Ní N Ò Gbà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí inú ṣì ń bí mi. Nílùú Ifẹ̀, láyé ìgbà tí epo pẹtiróòlù wọ́n bí ojú, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń yanṣẹ́ lódì lónìí tí wọ́n ń wọlé lọ́túnla, bí èèyàn bá ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, kì í ṣe àìsàn nìkan ló ń bá jà. Ó ń bá àtigbọ́ ọ̀rọ̀ jà. Ọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ ni o! Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kọ́kọ́ dé etí tirẹ̀ á yí gbogbo ìlú po kó tó kàn án, nígbà tó bá sì fi máa kàn án, ó ti di nǹkan mìíràn.

Abímbọ́lá ni mò ń sọ, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù lójúde agboolé ọkọ rẹ̀ ní Òkèrèwè. Ìyá Ìyìn ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí Ìyìnolúwa, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Iléṣà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí àtọ̀gbẹ ti ń bá òun alára fínra. Obìnrin náà kì í gba gbẹ̀rẹ́. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ tí kò tó wá, tó ní kí ó fi rán bùbá àti ìró, á tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, á ní, "Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ṣé kí n wá fi awọ ara mi kún un ni?" Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á lọ ra kún un.

Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kò mọ ọ̀nà Òkèrèwè. Nọ́ḿbà tẹlifóònù ni wọ́n mọ̀. Tẹlifóònù kan ṣoṣo tí ẹbí náà ní sì wà ní Mayfair, nílé Ọ̀gbẹ́ni Oyèkúnlé Lágúnjú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì kan ní yunifásítì. Bàbá Fẹ́mi ni Abímbọ́lá ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí fáìlì fún un nílé ìwòsàn, Bàbá Fẹ́mi ló tẹ̀ lé e lọ, òun ló fi nọ́ḿbà ilé rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ di etí Abímbọ́lá.

Bí ilé ìwòsàn bá pè, Bàbá Fẹ́mi á gbọ́. Bí Bàbá Fẹ́mi bá gbọ́, á rán dírẹ́bà rẹ̀. Bí dírẹ́bà bá dé Òkèrèwè, Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ Abímbọ́lá, ló máa kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó jẹ́ fo àgbà kọjá. Ìyá Àgbà á wá gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tó bá jẹun tán, tó bá rẹjú tán, tó bá rántí. Ìgbà kan wà tí wọ́n sún ọjọ́ tí wọ́n ń rí àwọn alátọ̀gbẹ láti Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀. Abímbọ́lá wọkọ̀ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ilẹ̀kùn títì ló bá. Nígbà tó fi padà délé, tí oòrùn ti lù ú bí ẹní lu bàrà, Ìyá Àgbà ní, "Ó mà ṣe o! Wọ́n kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí o sinmi díẹ̀ ná kí n tó sọ fún ọ ni."

Sinmi! Ẹ gbọ́ nǹkan!

Pípẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń pẹ́ kọ́ ló tiẹ̀ burú jù. Bí wọ́n ṣe ń dín in kù ni. Bí dókítà bá ní, "Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga jù, kó máa bọ̀ kíákíá," Bàbá Fẹ́mi á ní kí dírẹ́bà sọ pé dókítà fẹ́ rí i. Dírẹ́bà á ní dókítà ń béèrè rẹ̀. Ìyá Àgbà á ní, "Dókítà kí ọ o. Ó ní bó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí o yà." Àánú ló ń ṣe wọ́n, n ò ní wọ́n jẹ́ ìkà. Lọ́dọ̀ wa níbí, a kì í la ọ̀rọ̀ líle mọ́ aláìsàn lórí. Agbo ẹbí ló ń gbọ́ ọ, wọ́n á bù ú jẹ láàárín ara wọn, wọ́n á fún aláìsàn ní èyí tó rọ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ là ń pè ní ẹni tó gbọ́n. Àmọ́ ẹ má dá mi lóhùn, ẹ gbọ́ ibi tí ọgbọ́n náà gbé wọn dé.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, iná mànàmáná lọ kò dé. Abímbọ́lá kó èédú sínú áyọ́ọ̀nù, ó ń lọ ṣòkòtò kan. Ẹyin iná kan já bọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, kò sì mọ̀. Òórùn ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó rò pé aṣọ oníbàárà ló ń jóná, ó sáré gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, ó yẹ ṣòkòtò náà wò tinú tẹ̀yìn kó tó wá wo ilẹ̀. Ẹran ara rẹ̀ ló ń jó, kò sì dùn ún. Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó bà á.

Ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ máṣíìnì ni. Ẹsẹ̀ náà ló ń bọ́ ọ, òun ló ń rán Ìyìn nílé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá gé e, kí ló kù? Abímbọ́lá kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún ara rẹ̀, ó sọ ọ́ síta nígbà tó dá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ẹsẹ̀ yìí kò ní lọ. Ẹ gbọ́, kò ní lọ." Ó gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà Awóyẹmí gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó fọ egbò náà, ó ní bí èsì ẹ̀jẹ̀ bá jáde, òun ó ránṣẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà, wọ́n tún yanṣẹ́ lódì.

Ó ń retí. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ dé ni pé, "Dókítà kí ọ. Ó ní kí o máa lo oògùn rẹ lọ, kí o máa fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́." Ó ń lò ó. Ó ń fọ̀ ọ́. Egbò kò san, ó ń dúdú létí. Bó bá bi Ìyá Àgbà pé ṣé wọn ò tíì wọlé nílé ìwòsàn ni, Ìyá Àgbà á ní, "Bàbá Fẹ́mi ní wọn ò tíì wọlé." Ọ̀sẹ̀ á tún yípo, ìdáhùn kan náà ni. Omi ewúro ni Ìyá Àgbà ń fún mọ́ ọn, á dúró tì í títí tó fi máa mu ún tán, á ní, "Á san, ìyàwó mi. Ọwọ́ Ọlọ́run ni gbogbo rẹ̀ wà."

Níjọ́ kan, Kíkẹ́lọmọ, aboyún kan ládùúgbò, wọlé wá sí ṣọ́ọ̀bù tòun ti gáùn lọ́wọ́.

"Ìyá Ìyìn, ẹ bá mi tú ẹ̀gbẹ́ gáùn yìí. Ikùn ti gba gbogbo rẹ̀."

"Mo rí i. Níbo lo ti ń bọ̀ nínú oòrùn ganrínganrín yìí?"

"Ilé ìwòsàn ni, mà. Ọjọ́ aboyún lòní."

Abímbọ́lá gbójú sókè. "Ilé ìwòsàn wo? Ṣebí wọ́n yanṣẹ́ lódì?"

Kíkẹ́lọmọ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìyìn! Ayé wo lẹ wà? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wọlé. Mo ti lọ, mo tún ti lọ, ẹ̀yìn mi ti ń dùn mí lórí bẹ́ǹṣì wọn."

Abímbọ́lá gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ó wọlé lọ bá Ìyá Àgbà, ó ní, "Ìyá mi, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti wọlé nílé ìwòsàn?" Ìyá Àgbà ń wo etí ìró ara rẹ̀, ó ń fọwọ́ ká a. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá Fẹ́mi ló mọ̀." Obìnrin tí kì í dákẹ́ ni Ìyá Àgbà. Nígbà tó dákẹ́ sí ìyẹn, Abímbọ́lá mọ̀ pé nǹkan ń bẹ nílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kò dágbére fún ẹnì kankan. Sálúbàtà ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló wọ̀ sẹ́sẹ̀ ọ̀tún, nítorí tirẹ̀ kò gba báńdéèjì mọ́, ó wọ tirẹ̀ sí òsì, ó tiro jáde. Àwọn ọmọ tó ń wò ó lójú pópó, ó ní kí wọ́n wò ó dáadáa.

Sístà Ọmọ́tọ́ṣọ́ ló bá nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Nọ́ọ̀sì náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó kanra.

"Ẹ̀yin náà rèé! Ìgbà tó bàjẹ́ tán lẹ wá wá. Nígbà tí a ní kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ẹ ní ẹ ò gbà."

"Ta ló ní òun ò gbà?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi, Abímbọ́lá?"

"Mà, ẹ má bínú. Èmi gan-an ni mo di tẹlifóònù mú. Mo ní oògùn oníhóró kò ká a mọ́, pé ínsúlíìnì ló kù, abẹ́rẹ́ àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wá kí á dá yín dúró kíá kí egbò yẹn tó jinlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ní ẹ ní kàkà kí ẹ gba abẹ́rẹ́ títí ayé, kí Ọlọ́run kúkú pè yín. Dókítà tún fúnra wọn pè. Ẹ̀gbọ́n yín ní ẹ ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ yín."

Abímbọ́lá di bẹ́ǹṣì mú. Ẹ tiẹ̀ bá mi wò ó! Wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ lọ sọ̀rọ̀ níbi tí kò sí, wọ́n fi ẹnu náà kọ ìwòsàn, wọ́n wá gbé e padà wálé láìjẹ́ kó mọ̀ pé ó jáde. Afẹ́fẹ́ ti wá fẹ́ wàyí, a ti rí fùrọ̀ adìẹ.

"Sístà," ni ó wí, "abẹ́rẹ́ náà, ṣé ó ń pa èèyàn ni?"

"Àìgbà rẹ̀ ló ń pa èèyàn."

"Ẹ gún mi."

Nọ́ọ̀sì náà mí kanlẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní yàrá iṣẹ́ abẹ ni dókítà wà lónìí, kò sì sẹ́ni tó lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìsí òun, nítorí wọ́n ti kọ ọ́ pé aláìsàn kọ̀. Kó padà wá láàárọ̀ ọ̀la, kó sì mú ẹni tó máa dúró fún un wá.

"Ẹni tó ń dúró fún mi ló gbé mi dé ibi tí mo wà yìí," ni Abímbọ́lá wí. "Ṣùgbọ́n ó dára. N ó mú un wá."

Ó kọrí sí Mayfair tààrà. Bàbá Fẹ́mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ọ̀sán tán ni, ó jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì àti awò ojú. Bó ṣe rí i, ó kígbe, "Ìyàwó wa! Kí ló dé? Ta ló gbé ọ wá nínú oòrùn yìí?"

Abímbọ́lá kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n ọkọ. Àmọ́ kò dìde.

"Dìde, dìde, ẹsẹ̀ rẹ."

"N ò dìde, Bàbá Fẹ́mi. Mo fẹ́ bi yín léèrè lórí ìkúnlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo ṣe àfojúdi. Ìgbà wo ni mo ní n ò gba abẹ́rẹ́?"

Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú. Ó wò ó, ó wo ilẹ̀. Ó jókòó sórí àga tó wà ní fàráńdà, ó ní kó dìde ná kí àwọn ará ilé má baà rí i. Abímbọ́lá ní kí wọ́n rí i.

"Mo mọ èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yẹn," ni Bàbá Fẹ́mi wí níkẹyìn. "Ọ́fíìsì kan náà la wà. Ọdún kò yípo, a sin ín. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lórí fóònù, ọkàn mi já. Mo bá Ìyá sọ ọ́. A ní bí o bá gbọ́, ìpayà á pa ọ́ kí àìsàn tó pa ọ́. Àbí o ti gbàgbé ti ọkọ rẹ? Ojú mi ni dókítà ṣe là á mọ́ ọn lórí pé kò sọ́nà mọ́. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa àbúrò mi, Abímbọ́lá. Mo ní kò tún ní ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí mọ́."

Omi ti ń dà lójú rẹ̀. Abímbọ́lá náà ń sunkún, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yẹ̀.

"Àìsàn ló pa á, Bàbá Fẹ́mi. Ẹ̀yin lọ sílé. Èmi ni mo jókòó tì í. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ló sọ ibi tí a ó sin òun sí fún mi. Ó ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí Ìyìn fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé òun máa ń bínú jù, kí n forí jìn òun. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, kò bẹ̀ mí rí àfi ìgbà yẹn. Ká ní ẹ fi pa mọ́ fún un ni, ìgbà wo ni ì bá ráyè sọ ọ́?"

Bàbá Fẹ́mi ń fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì nu ojú, Abímbọ́lá sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, èmi náà gbọ́ ọ nílé bàbá mi. Ẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Èmi ń ṣàìsàn, odindi ni kí ẹ sọ fún mi. Ẹsẹ̀ mi ń rà níbi tí mo ti ń fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, tí mo ń dúpẹ́ pé dókítà kí mi!"

"Dìde, ọmọ ìyá," ni Bàbá Fẹ́mi wí. "Jọ̀ọ́, dìde. A ó jọ lọ lọ́la."

"Bí a bá débẹ̀, èmi ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀."

Bàbá Fẹ́mi mi orí pé òun gbà. Abímbọ́lá di apá àga mú, ó dìde. Nígbà tó délé, ó sọ fún Ìyá Àgbà pé láti òní lọ, dírẹ́bà kò gbọdọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́, ṣọ́ọ̀bù ni kó máa wọlé wá. Ìyá Àgbà ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti wá le jù." Abímbọ́lá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀dì. Bàbá Fẹ́mi jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú agbádá, ó ń nu ojú. Dókítà Awóyẹmí wọlé, ó tú báńdéèjì, ó fọwọ́ tẹ ibí, ó fọwọ́ tẹ ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ló bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tẹríba díẹ̀ fún Bàbá Fẹ́mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta díẹ̀."

Bàbá Fẹ́mi ti ń dìde! Ó ti mọ́ ọn lára.

"Dókítà," ni Abímbọ́lá pè é, "ta ló ni ẹsẹ̀?"

Dókítà yíjú padà. "Ẹ̀yin ni, mà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó. Ibí ni kí ẹ ti sọ ọ́. Kí ẹ sì mọ̀ pé n ò fìgbà kan kọ abẹ́rẹ́. Ẹnì kankan ò bi mí."

Dókítà wo Bàbá Fẹ́mi. Bàbá Fẹ́mi padà jókòó, ó ní, "Òótọ́ ló sọ. Ẹ sọ ọ́ fún un." Ojú ti dókítà díẹ̀. Ó ní kí Abímbọ́lá má bínú, òun ì bá ti ránṣẹ́ pè é fúnra rẹ̀. Ó wá fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Egbò yìí ti jinlẹ̀, mà. Ọmọ ìka méjì ti kú, wọn ò lè jí mọ́, a ní láti gé wọn kúrò. A ó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lónìí. Bí ṣúgà bá wálẹ̀, mo nírètí pé èyí tó kù lẹ́sẹ̀ á jinná. N ò lè búra fún yín. Bí kò bá jinná, a ó tún gé e gòkè sí i, ó sì lè dé abẹ́ orúnkún. Abẹ́rẹ́ yìí náà, títí ayé ni o."

Àga Bàbá Fẹ́mi han lórí ilẹ̀. Ọkùnrin tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń dọ̀bálẹ̀ kí, ó ká agbádá mọ́ra, ó sáré bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ níbẹ̀ tó ń sunkún bí ọmọdé, tó ń ní, "Yé! Orí mi o! Ẹ gbà mí o!" Àwọn aláìsàn tó kù gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì wọn.

Dókítà ń wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ ká fi í mọ síbẹ̀ ná, mà. Bí ara bàbá bá balẹ̀, n ó padà wá lọ́sàn-án."

Ẹ̀rù ba Abímbọ́lá, n ò ní purọ́ fún yín. Ó ń gbọ́ ẹkún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó sì wá yé e, ẹni tí wọ́n ti ń bo ọ̀rọ̀ yìí fún láti ọjọ́ yìí wá: kì í ṣe òun, Bàbá Fẹ́mi ni. Àánú rẹ̀ ṣe é gidigidi. Ó na ọwọ́, ó di apá aṣọ funfun dókítà mú kó má baà dìde.

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, Dókítà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sunkún wọn. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi la wà. Ìka wo àti èwo?"

Dókítà kò dìde mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ kan ọ̀kan, ó nawọ́ kan ìkejì. Abímbọ́lá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ náà sún mọ́ ojú, ó wò wọ́n fínnífínní, kò gbójú kúrò.

"Mo ti rí wọn," ni ó wí. "Ó tún ku kí ni?"